Ẹni Tó Jìn Sí Kòtò, Tó Tún Padà Wá Ń Yọ Ẹlòmíràn

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo èrò, ọkùnrin kan yóò ti gbé àpò kọ́ èjìká, yóò sì kọrí sí abẹ́ afárá. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kò wọ aṣọ funfun, kò sì sí mọ́tò ìjọba lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá rí i, afurasí ọ̀daràn ni lójú tiwọn. Bí ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ bá rí i, á di àpò owó rẹ̀ mú gírígírí. Àwọn tí wọ́n sùn sórí páálí lábẹ́ afárá náà nìkan ló mọ ẹni tó jẹ́. "Ẹ̀gbọ́n" ni wọ́n ń pè é; bó bá sì jẹ́ obìnrin ló ń ṣe iṣẹ́ náà, "Àǹtí" ni. Bí wọ́n bá ti rí i ni wọ́n á dìde jókòó.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà ní Èkó, ó wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Kánò, ó wà ní Abújá. Ohun tó ń bẹ nínú àpò rẹ̀ kò tó nǹkan lójú: kọ́ńdọ̀ọ̀mù, òwú, oògùn ìfọgbẹ́, ìwé pélébé tó ń tọ́ka ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò lọ́fẹ̀ẹ́, àti, níbi tí ìjọba bá ti fàyè gbà á, abẹ́rẹ́ tuntun tí wọn kò tíì já ọ̀rá rẹ̀. Ohun tó níye lórí jù lọ kò sí nínú àpò. Òun náà ti sùn sórí páálí yẹn rí. Ó ti fa gbáná rí, ó ti gún abẹ́rẹ́ rí, ó ti sá fún ọlọ́pàá rí, ẹbí rẹ̀ sì ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn síta rí. Nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, àwọn tó ń gbọ́ mọ̀ pé kì í ṣe inú ìwé ló ti kà á.

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mú nínú rẹ̀ kò ju pé kí ará yòókù dúró létí kòtò, kí wọ́n máa wo ẹni tó jìn, kí wọ́n máa mi orí. Àwọn tí ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí dá lé lórí jáde nínú kòtò, wọ́n sì tún padà sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ tàwọn ti okùn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó kí wọn kú iṣẹ́.

Kòtò náà jìn ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Ìwádìí ńlá kan tí àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé àti àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà jọ ṣe, tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní oṣù kìíní ọdún 2019, fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ẹni ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan ṣoṣo, láìka ọtí àti sìgá mọ́ ọn. Bí wọ́n bá to ènìyàn méje sórí ìlà, ọ̀kan nínú wọn ni. Àwọn tó ń mu igbó jẹ́ mílíọ̀nù 10.6, àwọn tó ń lo trámádọ̀, kodíìnì àti irú wọn láìsí ìwé dókítà jẹ́ mílíọ̀nù 4.6. Ẹkùn ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ìyẹn ilẹ̀ Yorùbá, ló ṣáájú gbogbo ẹkùn yòókù, Èkó sì gbégbá orókè pẹ̀lú ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ sí iṣan tó nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́rin, 80,000.

Ọ̀kẹ́ mẹ́rin lè dà bí ohun kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíọ̀nù 14, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ikú fi ṣe ilé. Bí ẹnì kan bá fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á kù sínú rẹ̀, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Kòkòrò HIV tí kì í pẹ́ kú nínú afẹ́fẹ́ lásán lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ tó kù sínú abẹ́rẹ́, kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú sì le ju tirẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé bí ẹni mẹ́ta bá jọ lo abẹ́rẹ́ kan, ohun tó wà lára ẹni àkọ́kọ́ ti dé ara ẹni ìkẹta. Nígbà tí ìjọba ṣe àyẹ̀wò láàárín àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ ní 2020, nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní HIV. Láàárín àwọn ará ìlú lápapọ̀, ìwádìí ọdún 2018 kò rí ju ìdá 1.4 lọ. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí sì ní ìyàwó, wọ́n ní ọkọ, wọ́n ní ọmọ.

Ohun kejì tó ń pa wọ́n ni àlòjù. Hẹroín, kodíìnì, trámádọ̀ àti àwọn oògùn tó bá wọn tan a máa mú kí ọpọlọ gbàgbé láti rán èémí níṣẹ́. Ẹni tó bá lò ó jù á dà bí ẹni tó sùn lọ. Á máa han-anrun, ètè rẹ̀ á dúdú bí aró, èémí rẹ̀ á máa falẹ̀, títí kò fi ní sí mọ́. Àwọn tó wà nítòsí lè rò pé ara ló ń sinmi. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fura, ohun tí wọ́n mọ̀ ni kí wọ́n da omi tútù lé e lórí, kí wọ́n fọ́ ọ létí, kí wọ́n fi epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ kò lè gbé nǹkan mì. Ọ̀fun ìmí ni epo náà á gbà lọ. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń kọ́ wọn pé kí wọ́n dá a dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n fẹ́ èémí sí i lẹ́nu bí kò bá mí mọ́, kí wọ́n má sì fi sílẹ̀ sá lọ nítorí ẹ̀rù ọlọ́pàá. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní naloxone, tó ń lé oògùn olóró kúrò níbi tó ti gbá ọpọlọ mú. Wọ́n lè gún un, wọ́n sì lè fín in sí imú. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹni tó ti ń lọ á padà bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ láti 2014 pé kì í ṣe ọwọ́ dókítà nìkan ló yẹ kó wà, pé ó yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá lè wà nítòsí nígbà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Ta ló sì sábà máa ń wà nítòsí? Akẹgbẹ́ ẹni ni.

Àwọn kan lè rò pé àwọn dókítà ló jókòó ní yàrá ìpàdé, tí wọ́n ronú kan ọ̀nà yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, àwọn tó ń lo hẹroín dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì pè é ní Junkiebond. Orúkọ èébú tí ayé ń pè wọ́n náà ni wọ́n mú, tí wọ́n fi sọ ẹgbẹ́. Ẹni tó dá ti ìlú Rotterdam sílẹ̀, Nico Adriaans, ẹni tó ń lo oògùn ni òun pàápàá. Ní ọdún 1984, ilé ìtajà oògùn kan ní ìgboro Amsterdam, níbi tí àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ ti máa ń rà á, sọ pé òun kò tà fún wọn mọ́. Ẹ̀rù àrùn mẹ́dọ̀wú ba àwọn ará ẹgbẹ́ ìlú náà, wọ́n tọ àwọn aláṣẹ ìlera lọ, wọ́n ní bí ìjọba bá lè wá abẹ́rẹ́, àwọn á pín in. Ẹni tó bá mú àlòkù wá, á gba tuntun lọ. Bí ọ̀kan nínú àwọn ètò pàṣípààrọ̀ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ lágbàáyé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nígbà tí orúkọ éèdì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn kálẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, Jon Parker, ẹni tó ti lo hẹroín rí, bẹ̀rẹ̀ sí í pín tirẹ̀ lójú pópó ní Amẹ́ríkà, ọlọ́pàá sì ń mú un, ó ń jáde, ó sì ń padà sẹ́nu iṣẹ́.

Èyí tó kún jù nínú ìtàn wọn ni ti ìlú Vancouver ní Kánádà. Àdúgbò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Downtown Eastside. Láàárín àwọn ọdún 1990, àlòjù oògùn àti àrùn éèdì gbá ibẹ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀, ìlú sì ń bá tirẹ̀ lọ. Bud Osborn, akéwì tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lo hẹroín, kò gbà kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1997, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ri ẹgbẹ̀rún kan àgbélébùú mọ́ ilẹ̀ ọgbà ìtura kan láàárín àdúgbò náà, kí ẹni tó bá ń kọjá lè fojú ka òkú. Kò pẹ́ sígbà náà tí òun, Ann Livingston àti àwọn mìíràn fi dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo oògùn sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní VANDU. Ní òru, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí á máa wọ ẹ̀yìnkùlé kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n á máa pín abẹ́rẹ́, wọ́n á máa jí ẹni tó bá fẹ́ kú. Ní ọ̀sán, wọ́n á lọ jókòó ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú, wọ́n á máa béèrè ohun kan náà títí ó fi sú àwọn aláṣẹ.

Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ilé kan tí ẹni tó bá fẹ́ gún abẹ́rẹ́ ti lè gún un lójú nọ́ọ̀sì, kí ó má baà kú sí kọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, wọ́n ṣí i. Insite ni wọ́n pè é, òun sì ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tí òfin fọwọ́ sí ní gbogbo àríwá Amẹ́ríkà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Kánádà fẹ́ tì í, ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́. Àwọn méjì tí wọ́n fi orúkọ ara wọn pẹjọ́, Dean Wilson àti Shelly Tomic, àwọn tó ń lo ilé náà ni wọ́n. Kí ènìyàn jáde síta gbangba lójú gbogbo ayé pé òun ń lo oògùn olóró, kí ó sì pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí rẹ̀! Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Kánádà fẹnu kò, wọ́n dá wọn láre. Ọdún yẹn náà ni àwọn onímọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet pé láàárín ọdún méjì tí wọ́n ṣí ilé náà, ikú àlòjù dínkù ní ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ní àyíká rẹ̀. Ní ìyókù ìlú, ìdínkù náà kò tó ìdá mẹ́wàá.

Wàhálà Vancouver kò tán síbẹ̀. Osborn kú ní 2014, nígbà tó sì di 2016, oògùn kan tó le ju hẹroín lọ, fentanyl, ti wọ ìgboro, àwọn aláṣẹ ìlera ìpínlẹ̀ náà sì kéde pé ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì. Àwọn tó tún kọ́kọ́ na àgọ́ láàárín kọ̀rọ̀ lọ́dún náà, tí wọ́n jókòó síbẹ̀ tàwọn ti naloxone, láìdúró de àṣẹ, àwọn ẹni àná náà ni. Livingston wà nínú wọn.

Ọ̀pọ̀ òbí ni orí wọn á ti wú báyìí. Ṣé ọmọ tó ń gún abẹ́rẹ́ ni ènìyàn á tún máa fún ní abẹ́rẹ́? Ṣé ìyẹn kì í ṣe fífi epo sí iná? Ìbéèrè gidi ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi òbí tó bi í ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dé abẹ́ afárá mọ̀ pé àìsí abẹ́rẹ́ tuntun kò dá ẹnikẹ́ni dúró rí. Àlòkù ni wọ́n ń lò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń wádìí rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, wọn kò rí i pé ètò náà ń sọ àwọn tí kò lo oògùn di alòògùn. Ohun tí wọ́n rí ni pé àrùn ń dínkù, àti pé ẹni tó ń wá gba abẹ́rẹ́ a máa di ẹni tó ń béèrè ọ̀nà ìtọ́jú lọ́jọ́ kan. Ẹni tó ti kú kò lè jáwọ́ nínú ohunkóhun. Yorùbá kì í torí pé ọmọ burú kí wọ́n fi fún ẹkùn pa jẹ.

Kì í ṣe pé àwọn Ẹ̀gbọ́n wọ̀nyí jẹ́ áńgẹ́lì. Òmíràn nínú wọn á padà sínú àṣà àtijọ́, nítorí ibi tí iṣẹ́ gbé e lọ lójoojúmọ́ ni ibi tí òórùn ohun tó sá fún ti ń fẹ́ sí i nímú, kò sì sí ẹni tó ń bi òun náà léèrè bí ó ti sùn. Òmíràn kò tilẹ̀ tíì jáwọ́ pátápátá, ó kàn ti mọ bí a ti ń ṣọ́ra. Àwọn aláṣẹ a máa fi èyí kọ̀ wọ́n. Síbẹ̀, nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta, ní 1954, ilé àwọn ará abúlé ló fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sí, àwọn àgbẹ̀ àti ìyàwó wọn tí kò ka ìwé ìṣègùn kankan, gbogbo ayé sì wá wò ó, wọ́n yìn ín. Ilẹ̀ Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ pé ìtọ́jú kò pin sọ́wọ́ ẹni tó ní sátífíkéètì.

Ọ̀nà tí ìjọba Nàìjíríà mọ̀ jù lọ ni ti kóńdó. Òfin ológun tí nọ́ḿbà rẹ̀ jẹ́ 20 ní ọdún 1984 sọ títà oògùn olóró di ẹ̀sùn ikú, wọ́n sì fà á padà sẹ́yìn mú àwọn tó ti ṣẹ̀ kí òfin tó jáde. Ní oṣù kẹrin ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta lórí rẹ̀ ní Èkó. Ní 1989 ni wọ́n fi òfin 48 dá àjọ NDLEA sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, wọ́n fòfin de oògùn ikọ́ oníkodíìnì. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀, ìwádìí sì tún ka mílíọ̀nù 14.3.

Ẹni tí kò ṣeé pè ní ọ̀rẹ́ oògùn olóró láéláé ni Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Síbẹ̀ òun ni Kofi Annan pè ní 2013 pé kí ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò wo ọ̀ràn oògùn olóró ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà gbé ìwé rẹ̀ jáde ní Dakar ní oṣù kẹfà ọdún 2014, ohun tó wà níbẹ̀ ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: kí wọ́n má ṣe máa ju ẹni tó kàn ń lo oògùn sẹ́wọ̀n mọ́, kí wọ́n kà á sí ọ̀rọ̀ ìlera. Ní ìparí ọdún náà, Sẹ̀nẹ̀gà ṣí ilé ìtọ́jú kan ní Dakar, ó sì di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó ń fi methadone tọ́jú àwọn tí hẹroín ti di bárakú fún. Nàìjíríà dán ètò abẹ́rẹ́ wò ní 2020 ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta, Ọ̀yọ́, Gòḿbè àti Abia. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí oògùn olóró ní Vienna fi ìbò gba ọ̀rọ̀ "dídín ewu kù" wọlé sínú ìpinnu rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti wà. Ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Amsterdam ti ń ṣe láti ogójì ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí orúkọ pè.

Yin ni, yin ni, kẹ́ni ó ṣe mìíràn. Ní ìpàdé àgbáyé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, wọ́n ní àwọn ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹni tó bá tayọ, ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n fi sọrí Carol àti Travis Jenkins, sì wà fún ẹni tó ń lo oògùn tàbí tó ti lò ó rí. Ó dára, ẹ̀bùn kò burú. Ṣùgbọ́n àwo ìdánilọ́lá kì í ra gààrí. Nínú ọ̀pọ̀ ètò tó ń gba owó láti òkè òkun, nọ́ọ̀sì ń gba owó oṣù, awakọ̀ ń gba owó oṣù, ẹni tó ń kọ ìròyìn iṣẹ́ ránṣẹ́ ń gba owó oṣù. Ẹni tó mú gbogbo wọn wọ abẹ́ afárá, tí kì í bá ṣe tirẹ̀ wọn kò ní rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀, òun ni wọ́n fún ní owó ọkọ̀. Olùyọ̀ǹda ara ẹni ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Ó ti ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ! Nígbà tí Ààrẹ Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró ní oṣù kìíní ọdún 2025, irú iṣẹ́ tó ń wá àwọn tí ayé ta nù kiri wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fara gbá a jákèjádò Áfíríkà, ẹni tí kò ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kò sì ní ẹ̀tọ́ tí yóò béèrè.

Ti àwọn obìnrin tún le sí i. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2019 ní ọ̀kan nínú mẹ́rin àwọn tó ń lo oògùn ní Nàìjíríà ni obìnrin. Ọkùnrin tó bá jáwọ́, àwọn ènìyàn á ní Ọlọ́run ló yọ ọ́. Obìnrin tó bá jáwọ́, wọ́n á ṣì máa béèrè ohun tó fi ara ṣe nígbà náà. Nítorí èyí, kékeré kọ́ ni ìgboyà Àǹtí tó bá dúró láàárín àdúgbò tirẹ̀ láti sọ pé òun náà ti wà níbẹ̀ rí, kí ọmọbìnrin tó fi ìborùn bo ojúgun abẹ́rẹ́ lápá lè tẹ̀ lé e dé ilé ìwòsàn. Púpọ̀ nínú wọn, ìgbà tí wọ́n bá kú tán ni ẹnì kan á rántí láti kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ọjọ́ a kú là á dère.

Ohun tí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ń béèrè kò pọ̀. Wọ́n ń fẹ́ owó oṣù tó ní iye, kì í ṣe owó ọkọ̀. Wọ́n ń fẹ́ kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn máa jókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu bí wọn yóò ti ná owó ètò náà, kí wọ́n má máa gbọ́ ọ lẹ́yìn ìpàdé. Wọ́n ń fẹ́ àyẹ̀wò àti ìtọ́jú àrùn mẹ́dọ̀wú fún àwọn fúnra wọn. Èyí tí kò sì ní ná ìjọba ní ohun tó pọ̀ ni káàdì ìdánimọ̀, tí kọmíṣọ́nnà ìlera ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí, tí ọ̀gá ọlọ́pàá àti ọ̀gá NDLEA àdúgbò mọ̀ nípa rẹ̀, tí wọ́n kọ nọ́ḿbà fóònù tí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè pè sí ẹ̀yìn. Títí di ìgbà tí irú káàdì bẹ́ẹ̀ bá wà, bí wọ́n bá dá Ẹ̀gbọ́n dúró láàárọ̀ kùtù, tí wọ́n tú àpò rẹ̀, tí wọ́n sì bá abẹ́rẹ́ ogún níbẹ̀, àlàyé ẹnu rẹ̀ nìkan ló ní.